Ta Ni Ó Sún Mọ́ Òkú Náà Jù Lọ?

Bíbélì kíkà: Deutarónómì 21:1-9, Òwe 24:11-12, Ẹ́sítérì 4:6-14

Ibi tí mo fẹ́ kí a kà nínú Ìwé Mímọ́ lónìí kì í ṣe ibi tí a sábà máa ń wàásù lé lórí nínú ìdàpọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti ń dà mí láàmú, mo sì gbà pé Ọlọ́run fẹ́ fi bá àwa tí a kàwé wí.

Òfin kan ni. Ọlọ́run sọ fún Ísírẹ́lì ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá rí òkú ẹni tí wọ́n pa nínú pápá, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tó pa á. Ọlọ́run kò ní kí wọ́n sin ín kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ní kí àwọn àgbà àti àwọn onídàájọ́ jáde, kí wọ́n wọn ọ̀nà láti ibi tí òkú náà wà dé gbogbo ìlú tó yí i ká. Ìlú tó bá sún mọ́ ọn jù lọ, àwọn àgbà rẹ̀ ni yóò mú ẹgbọ̀rọ̀ màlúù lọ sí àfonífojì, tí wọn yóò ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, tí wọn yóò wẹ ọwọ́ wọn lé e lórí, tí wọn yóò sì jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run pé ọwọ́ àwọn kò ta ẹ̀jẹ̀ yìí sílẹ̀, ojú àwọn kò sì rí i.

Ẹ kíyè sí ohun méjì níbẹ̀. Èkíní, kì í ṣe apànìyàn ni wọ́n pè síbẹ̀. Àwọn àgbà ìlú ni Ọlọ́run pè jáde, àwọn tó ní àṣẹ, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń múlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀ nítòsí ìlú, àwọn tó ń ṣàkóso ìlú ní ẹjọ́ láti rò. Àwọn baba wa náà mọ èyí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Èkejì, gbólóhùn méjì ni àwọn àgbà náà gbọ́dọ̀ lè sọ kí wọ́n tó wẹ ọwọ́. Ọwọ́ wa kò ṣe é. Ojú wa kò rí i. Èwo ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ rí i? Èwo ni ti ẹni tí wọ́n ti kọ̀wé sí ṣáájú kí wọ́n tó pa ẹni náà? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè bu omi tó bá fẹ́. Kò ní gbólóhùn kejì tí yóò sọ.

Òkú tí a fẹ́ wọn ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1994, wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfúrufú tó gbé Ààrẹ Juvénal Habyarimana lulẹ̀ ní Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà. Ààrẹ orílẹ̀-èdè Bùrúńdì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun àti àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ ti dí ojú ọ̀nà. Káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù tó ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà kan ló ti mú kí a máa kọ ẹ̀yà sára káàdì, láti bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sọ pé Tutsi ni, wọ́n á fi àdá pa á sójú ọ̀nà níbẹ̀. Hutu tó bá kọ̀ láti bá wọn lọ, ẹ̀mí òun náà wà nínú ewu. Agathe Uwilingiyimana, obìnrin tó jẹ́ olórí ìjọba lábẹ́ ààrẹ, Hutu ni; wọ́n pa á ní ọjọ́ kejì. Rédíò kan tí wọ́n ń pè ní RTLM ń pe àwọn Tutsi ní aáyán, ó ń dárúkọ àwọn tó yẹ kí wọ́n wá pa.

Bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni ó fi ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ RPF fi gba Kigali ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, tí ìpànìyàn náà sì parí láàárín oṣù náà, iye tí ọ̀pọ̀ olùwádìí kọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 800,000 ènìyàn. Ìjọba Rùwáńdà sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ìpẹ̀yàrun ni, ìyẹn kí a dìde láti pa ẹ̀yà kan run tọmọdé tàgbà. Láti ọdún 1948 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò máa dènà irú rẹ̀, wọn yóò sì máa fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi náà, nítorí kò dára kí oníwàásù máa ná ìka sí ẹlòmíràn lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ọdún 1994. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, Super Eagles na Sáńbíà ní 2 sí 1 ní ìlú Tunis, a gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Gbogbo wa sáré jáde láti inú yàrá, a ń lu garawa, a ń jó káàkiri ọgbà títí ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí wọ́n ti ń pa ènìyàn ní Kigali.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìdàpọ̀ wa, ọmọ ọdún kìíní, tó ní rédíò kékeré kan tó fi ń gbọ́ BBC. Òun ló mú ọ̀rọ̀ Rùwáńdà wá sí ìpàdé àdúrà. Èmi ni akọ̀wé àdúrà nígbà náà. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, àsìkò kò sì tó kí a tó dé ibẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wà nísàlẹ̀, àsìkò kò tún tó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fa ìlà sí i. Ìdánwò ń bọ̀, ọ̀rọ̀ June 12 wà nílẹ̀, ìyà ń jẹ àwa náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìpàdé, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ti yọ Rùwáńdà kúrò?" Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́run mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, tó bá jẹ́ Ìbàdàn ńkọ́?" N kò rí èsì fún un. Mo bínú sí i ni.

Ọwọ́ mi kò ta ẹ̀jẹ̀ kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́, n kò sì lè sọ gbólóhùn kejì.

Akọ̀wé àdúrà kan kò lè dá àdá dúró ní Kigali, mo mọ̀. Ìpín mi kéré. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí okùn ìwọ̀n fi hàn pé wọ́n sún mọ́ òkú yẹn ju èmi lọ, nítorí pé wọ́n mọ̀ jù mí lọ, wọ́n sì lágbára jù mí lọ. Ẹ̀rí mẹ́ta ni àwọn alágbára ayé rò níwájú òkú Rùwáńdà. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwíjàre kìíní: "A kò mọ̀"

Ìwé Òwe orí 24 mẹ́nu kan àwíjàre yìí gan-an. Ó pàṣẹ pé kí a gba àwọn tí wọ́n ń wọ́ lọ síbi ikú sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ní bí a bá sọ pé a kò mọ̀, Ẹni tó ń wọn ọkàn wò yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ní jiyàn pẹ̀lú ẹnu wa. Yóò wo inú.

Kí ni ó wà nínú? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, Bacre Waly Ndiaye, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ wádìí, ti kọ̀wé pé ìpànìyàn tó ń lọ ní Rùwáńdà ń dà bí ìpẹ̀yàrun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kíní ọdún 1994, Ọ̀gágun Roméo Dallaire, ọmọ Kánádà tó ń darí àwọn sójà àlàáfíà Àjọ náà ní Kigali, fi wáyà ránṣẹ́ sí New York. Ẹnìkan tó wà láàárín àwọn jàǹdùkú náà ti tú àṣírí fún un: wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́, wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo Tutsi tó wà ní Kigali sílẹ̀, wọ́n sì ti múra láti pa lára àwọn sójà Bẹ́ljíọ̀mù kí Bẹ́ljíọ̀mù lè kó ènìyàn rẹ̀ lọ. Dallaire ní òun fẹ́ lọ kó ohun ìjà náà. Èsì tó ti New York wá ni pé kó má ṣe é. Kó lọ sọ ọ́ fún Habyarimana. Ọmọ Gánà, Kofi Annan, ni ó ń darí ẹ̀ka náà nígbà yẹn.

Oṣù mẹ́ta kò pé lẹ́yìn wáyà yìí tí gbogbo rẹ̀ ṣẹ. Àní sójà Bẹ́ljíọ̀mù mẹ́wàá ni wọ́n pa ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, Bẹ́ljíọ̀mù sì kó ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí ìpànìyàn náà ń lọ lọ́wọ́, àwọn agbẹnusọ ìjọba Amẹ́ríkà ń yí ọ̀rọ̀ ká ní gbangba kí wọ́n má baà pe ohun tí wọ́n ń rí ní ìpẹ̀yàrun. Èéṣe? Nítorí pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, àdéhùn ọdún 1948 yóò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe sí i. Àwọn ìwé ìjọba tí wọ́n tú síta lẹ́yìn ọdún mélòó kan fi hàn pé nínú ọ́fíìsì wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ náà kí oṣù Kẹrin tó parí.

Ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ará mi, àìmọ̀ kan wà tó jẹ́ àìmọ̀ lóòótọ́, Ọlọ́run sì ní àánú fún un. Àìmọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn, tó fi aṣọ dí ojú fèrèsé, tó wá ń sọ pé inú ilé ṣókùnkùn.

Àwíjàre kejì: "Kò kàn wá"

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń jó kò lè pa iná ara ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òwe náà sọ pé "kọ́kọ́". Kò sọ pé bí a bá ti gbọn tiwa tán, kí a jókòó.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, Amẹ́ríkà pàdánù sójà méjìdínlógún nínú ìjà ọjọ́ kan ní Mogadishu ní Sòmálíà. Ìbẹ̀rù náà kò tíì kúrò lára wọn nígbà tí ti Rùwáńdà dé. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, àwọn sójà Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù balẹ̀ sí Kigali pẹ̀lú ohun ìjà gidi. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n wá kó àwọn òyìnbó. Wọ́n kó wọn tán, wọ́n sì lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Kicukiro, ní Kigali, tí wọ́n ń pè ní ETO. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ló sá lọ síbẹ̀ nítorí pé àwọn sójà àlàáfíà láti Bẹ́ljíọ̀mù wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, àṣẹ dé pé kí àwọn sójà náà kó jáde. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn jàǹdùkú wà lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń dúró. Àwọn sójà wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n pa kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ wọn ọ̀nà yẹn wò fún mi. Kò ju ìbú ẹnu géètì lọ.

Nígbà tí Hámánì gba àṣẹ láti pa gbogbo Júù run, Ẹ́sítérì wà ní ààfin, ara tù ú. Ìdáhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Módékáì ni pé òfin wà, ó léwu kí òun wọlé tọ ọba láìjẹ́ pé ó pè òun. Módékáì kò sọ fún un pé kò sí ewu. Ó ní kó má rò pé ààfin yóò gbà á, àti pé bóyá nítorí àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ṣe gbé e dé ibẹ̀. Ipò kì í ṣe ibi ìsápamọ́sí. Ẹni tí Ọlọ́run bá gbé ga, ó gbé e síbi tí yóò ti ríran jìnnà, tí ohùn rẹ̀ yóò sì dé etí ọba. Bí ó bá dákẹ́ níbẹ̀, ìdákẹ́ rẹ̀ ju tèmi tí mo wà nísàlẹ̀ lọ.

Àwíjàre kẹta: "Agbára wa kò ká a"

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1994, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jókòó ní New York. Sójà tó wà ní Rùwáńdà ṣáájú jẹ́ nǹkan bí 2,500. Dallaire ń bẹ̀bẹ̀ fún 5,000. Ìgbìmọ̀ dìbò pé kí wọ́n dín in kù sí 270. Orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó kọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, Nàìjíríà wà nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari ni aṣojú wa. Kí n sọ òtítọ́ fún un: ó ti gbé àbá kalẹ̀ ṣáájú, ní orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí lẹ́yìn alágbára kankan, pé kí wọ́n fi kún àwọn sójà náà. Àbá náà kò rí ẹ̀yìn. Nígbà tí ìbò dé, Nàìjíríà bá àwọn yòókù nawọ́. Orílẹ̀-èdè tó rán sójà lọ sí Làìbéríà, tó ń pe ara rẹ̀ ní òmìrán Áfíríkà, nawọ́ sí 270. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń wọn ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ òkú Rùwáńdà, kí a má wọn ọ́n sí Washington àti Paris nìkan. Okùn náà dé Àbújá.

Nígbà tí ojú tì wọ́n tán, ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, wọ́n tún fọwọ́ sí 5,500 sójà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọkọ̀ sílẹ̀? Ta ni yóò sanwó? Wọ́n ń dúnàádúrà lórí owó yíyá ọkọ̀ ológun nígbà tí àwọn ènìyàn ń kú. Wọ́n ní kí wọ́n dí ohùn rédíò RTLM lójú afẹ́fẹ́, Amẹ́ríkà ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, òfin kò sì fara mọ́ ọn.

Ṣé agbára kò ká a lóòótọ́? Ẹ wo àwọn tí kò lọ. Àwọn sójà Gánà, tí ọmọ ìlú wọn Henry Anyidoho jẹ́ igbákejì Dallaire, dúró. Àwọn díẹ̀ tó kù yìí, láìsí ohun ìjà tó péye, dáàbò bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú pápá ìṣeré Amahoro àti ní ibòmíràn. Ọ̀gágun kékeré kan láti Sẹ̀nẹ̀gà, Mbaye Diagne, ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé ènìyàn díẹ̀díẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti dí ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀rín àti àwàdà tú àwọn apànìyàn nínú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n ní ó gbà là. Ohun ìjà kan balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ó sì kú. Bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ bá lè ṣe tó báyìí, kí ni ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ yóò wí?

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá kó ogun wọ ìlú onílùú ló wá gbani. Nígbà tí Faransé kó sójà wọlé ní òpin oṣù Kẹfà, wọ́n gba àwọn kan là, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ apànìyàn gba abẹ́ ààbò wọn sá lọ sí Sàírè. Ó yẹ kí a bèèrè ìdí tí ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́ fi fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, kò sẹ́ni tó ń kánjú jù. Wọ́n ń kánjú láti jáde ni.

Ìdájọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run

Bí mo bá dúró síbí, yóò dà bí ẹni pé àwọn olóṣèlú nìkan ni wọ́n jẹ̀bi. Nínú ará Rùwáńdà mẹ́wàá, bí mẹ́sàn-án ló ń pe ara wọn ní Kristẹni. Láti Gahini, ní Rùwáńdà, ni Ìsọjí Ńlá Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ti ràn káàkiri láti ọdún 1930 sókè. Síbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pa ènìyàn jù ní ibi púpọ̀: Ntarama, Nyamata, Nyarubuye. Ní Nyange, àlùfáà Athanase Seromba gbà kí wọ́n fi katapílà wó ṣọ́ọ̀ṣì lé àwọn tó sá síbẹ̀ lórí, wọ́n tó 1,500. Ní Mugonero, àwọn pásítọ̀ Tutsi tí wọ́n há mọ́ ọgbà ìjọ kọ̀wé sí ààrẹ ìjọ wọn, Elizaphan Ntakirutimana, pé wọ́n fẹ́ pa àwọn àti ìdílé àwọn ní ọjọ́ kejì, kó jọ̀wọ́ bá àwọn bẹ olórí ìlú. Kò gbà wọ́n. Ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá àwọn méjèèjì lẹ́bi.

Nínú ìjọ kan náà tí Ntakirutimana wà, ọmọ Amẹ́ríkà kan wà, Carl Wilkens. Ìjọba rẹ̀ ní kó máa bọ̀. Ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jáde, òun dúró ní Kigali, ó ń wá omi àti oúnjẹ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí títí ó fi parí. Mùsùlùmí sì ni Mbaye Diagne. Ẹ̀yin ará, Jésù ti pa ìtàn yìí fún wa tẹ́lẹ̀. Àlùfáà gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, ọmọ Léfì náà kọjá, ẹni tí a kò kà sí ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹranko rẹ̀.

Omi Pílátù

Ẹnìkan wà nínú Ìhìn Rere tó ṣe bí àwọn àgbà inú Deutarónómì. Pílátù bu omi, ó wẹ ọwọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ń wẹ ọwọ́ nítorí ẹni tí wọ́n kò mọ̀ pé wọ́n ń pa. Pílátù wẹ tirẹ̀ nítorí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ sì lè dá sílẹ̀. Omi kan náà ni. Ó ṣiṣẹ́ fún ti àkọ́kọ́, kò ṣiṣẹ́ fún ti èkejì. Títí di òní, orúkọ Pílátù ni ìjọ ń dá nínú Ìgbàgbọ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìyà Jésù.

Àwọn alágbára ti ń wá wẹ ọwọ́ láti ìgbà náà. Bill Clinton lọ sí Kigali ní oṣù Kẹta ọdún 1998, pápákọ̀ òfúrufú ni ó ti sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kò tètè mọ bí ìpayà náà ṣe tó. Olórí ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù, Guy Verhofstadt, tọrọ ìdáríjì ní ọdún 2000. Póòpù Francis bẹ Ọlọ́run fún àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ ìjọ àti àwọn ọmọ ìjọ ní ọdún 2017. Emmanuel Macron gbà ní ọdún 2021 pé Faransé ní ẹrù láti rù. Ó dára kí ènìyàn jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrònúpìwàdà nínú Bíbélì kì í parí sẹ́nu. Sákéù dá owó padà. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ni a ṣe nígbà tí òkú mìíràn sùn sínú pápá?

Òkú tó wà nílẹ̀ báyìí

Lẹ́yìn Rùwáńdà, àwọn olórí Áfíríkà kọ ọ́ sínú òfin Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní ọdún 2000 pé Ìṣọ̀kan náà ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ti ń pẹ̀yà run. Ní ọdún 2005, gbogbo ayé gbà ní New York pé ìjọba tí kò bá lè dáàbò bo ènìyàn rẹ̀, ó di ẹrù gbogbo wa. Ìwé dáradára ni méjèèjì.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan. Ẹ ó rántí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń kàwé níbẹ̀. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, a pariwo títí ìjọba fi kó wọn gba Íjíbítì wálé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà, kí ni a tún gbọ́ lẹ́nu wa nípa Sudan? Ní ọdún yẹn kan náà, ní El Geneina ní Darfur, àwọn ọmọ ogun RSF àti àwọn tó wà lẹ́yìn wọn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà Masalit. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ Ààbò pàṣẹ pé kí RSF tú ìdótì tó wà lára El Fasher. Kò sí ẹni tó mú àṣẹ náà ṣẹ. Ní oṣù Kíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà pe ohun tí RSF ń ṣe ní ìpẹ̀yàrun. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ báyìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, El Fasher bọ́ sọ́wọ́ RSF, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. A kó ọmọ tiwa tán, a sì lọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí géètì ETO.

Kí ni kí a ṣe?

Lára ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, àwọn kan jẹ́ ọ̀gágun, àwọn kan jẹ́ oníròyìn. Àwọn kan wà ní London àti ní Houston, ẹ ti ní ìwé ìbò níbẹ̀, ẹ sì lè kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò yín. Ẹ̀yin lẹ wà ní ààfin báyìí. Ọjọ́ tí wáyà bí ti Dallaire bá dé orí tábìlì yín, ẹ má dá a padà pẹ̀lú òfin lẹ́nu. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ gbé e lọ síwájú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má bá wọn nawọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ ẹ̀yà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ má bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ aáyán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Rùwáńdà. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ẹ bi í léèrè ohun tí Nàìjíríà ń sọ nípa Darfur. Ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan lè kọ lẹ́tà kan láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀yin akọ̀wé àdúrà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fa ìlà sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní rédíò náà, n kò tún rí i lẹ́yìn tí mo gboyè jáde. Bí ó bá ka èyí, èsì mi rèé: tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, ń kò bá má sùn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi sì nìyẹn, pé mo gbà kí orúkọ ìlú mú mi sùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa tó gbọ́ ohùn ẹ̀jẹ̀ Ébẹ́lì láti inú ilẹ̀, o ti gbọ́ ti Kigali, o sì ń gbọ́ ti El Fasher. Dárí jì wá fún ohun tí a mọ̀ tí a fi pamọ́. Gba ipò lọ́wọ́ àwọn tó fi ń sápamọ́, kí o sì fi ìgboyà sínú àwọn tí o bá gbé dé ibẹ̀. Má jẹ́ kí a fi omi Pílátù wẹ ọwọ́. Nípa ẹ̀jẹ̀ Jésù, tó ń sọ̀rọ̀ tó dára ju ti Ébẹ́lì lọ, wẹ̀ wá mọ́, kí o sì rán wa. Àmín.

Fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́ kékeré

1. Nínú àwíjàre mẹ́ta tí a gbé yẹ̀ wò, èwo ni ìwọ fúnra rẹ máa ń lò jù? Sọ ìgbà kan tí o lò ó.
2. Nàìjíríà gbé àbá rere kalẹ̀, ó sì tún bá àwọn yòókù dìbò sí 270. Kí ni ìwọ ìbá ṣe bí o bá jẹ́ aṣojú wa?
3. Ka Lúùkù 10:25-37. Báwo ni ìbéèrè amòfin náà ṣe yàtọ̀ sí èyí tí Jésù bi í padà?
4. Kí ni ohun kan pàtó tí ìdàpọ̀ yín yóò ṣe nípa Darfur kí sáà yìí tó parí? Ta ni yóò ṣe é, ọjọ́ wo?